Bí Jẹjẹrẹ Bá Wọlé: Kí Ni Ká Bi Fóònù, Kí Ni Ká Bi Dókítà?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí a kírun tán ní mọ́ṣáláṣí kan ní Challenge, n'Ìbàdàn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ó kí wa, ó sì na fóònù rẹ̀ sí wa. "Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí. Ṣé òótọ́ ni?" Ọ̀rọ̀ kan tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wọn ló wà níbẹ̀. Ó ní kí ẹni tó bá ní jẹjẹrẹ ọmú má ṣe jẹ́ kí dókítà fi ọ̀bẹ kàn án, nítorí bí ọ̀bẹ bá ti kàn án, yóò tàn ká gbogbo ara. Ó ní òróró habbatu saodá àti oyin fún ogójì ọjọ́ ti tó. Wọ́n fi hádíìsì kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá kà á fi ránṣẹ́ sí ogún èèyàn.

A bi í pé ara ta ni kò yá. Ó ní ìyá òun ni. Kókó kan ti wà ní ọmú òsì màmá náà láti bí oṣù márùn-ún. Kò dùn wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi tètè sọ. Àwọn ọmọ ti wá a lórí Google, wọ́n ti wò ó lórí YouTube, wọ́n ti bi ẹbí léèrè lórí WhatsApp. Ẹnì kan ṣoṣo tí wọn kò tíì bi ni dókítà.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ló mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ilé rẹ̀ nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Nílé púpọ̀ lónìí, bí àìsàn ńlá bá wọlé, fóònù ni a kọ́kọ́ ń gbé. Gbígbé e kò burú. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni ohun tí fóònù lè ṣe fún ẹni tí jẹjẹrẹ ń bá jà, ohun tí kò lè ṣe, àti bí ìdílé Mùsùlùmí ṣe lè lò ó tí kò fi ní di ohun tó ń pa èèyàn.

Ta ló ń wá a, kí ló sì ń wá?

Láàárín wa, aláìsàn fúnra rẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń di fóònù mú. Ọmọ rẹ̀ ni, tàbí àbúrò rẹ̀, tàbí ẹni tó gbọ́ òyìnbó jù nínú ilé. Màmá jókòó, ọmọ ń ka ohun tó rí, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀. Bí ohun tó kà bá bà á lẹ́rù, ó lè fò ó. Bí ó bá dùn mọ́ ọn, ó lè fi díẹ̀ kún un. Ẹ jẹ́ ká rántí pé ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ fún aláìsàn ti gba àmánà. Ẹ̀mí ẹlòmíì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n máa ń wá a. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n tó lọ sílé ìwòsàn: kí ni kókó yìí, kí ni ẹ̀jẹ̀ yìí? Ìkejì ni alẹ́ ọjọ́ tí dókítà dárúkọ àìsàn náà: ṣé èèyàn máa ń yè é? Ìkẹta ni ìgbà ìtọ́jú: kí ló dé tí irun ń já, kí ni mo lè jẹ, ṣé mo lè gba ààwẹ̀? Ìkẹrin ni ẹ̀yìn ìtọ́jú: ṣé kò ní padà wá? Ìbéèrè tó tọ́ ni gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó yẹ kí a bá wí nítorí pé ó béèrè wọn.

Àwọn ìdí tí fóònù fi ń ṣáájú dókítà náà yé wa. Owó ọkọ̀ láti Challenge dé Orita Mẹ́fà, níbi tí UCH wà, lè má pọ̀, ṣùgbọ́n owó àyẹ̀wò ń wọni lára, odindi ọjọ́ kan sì lè lọ sórí ìjókòó. Èrò pọ̀ lọ́dọ̀ dókítà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ní fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ òyìnbó sì máa ń pọ̀ nínú àlàyé rẹ̀. Aláìsàn á ní òun ti gbọ́, á dé ilé, á wá rí i pé òun kò gbọ́ nǹkan kan.

Ìtìjú náà wà níbẹ̀. Obìnrin Mùsùlùmí mìíràn kò fẹ́ kí ọkùnrin àjèjì rí ọmú òun. Ẹ lè béèrè dókítà obìnrin, ẹ sì lè ní kí ọkọ tàbí ẹbí dúró tì yín. Bí kò bá sí dókítà obìnrin, àwọn onímọ̀ Ṣàríà ti là á yé wa láti ìgbà pípẹ́ pé ìtọ́jú tó di dandan ní àyè tirẹ̀. Ìtìjú kò gbọdọ̀ di ohun tí a fi ń sin èèyàn.

Ìbẹ̀rù wá pẹ̀lú. Àwọn kan kò tilẹ̀ fẹ́ dárúkọ jẹjẹrẹ. "Àìsàn burúkú yẹn" ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ń sá fún orúkọ àìsàn kò ní lè béèrè nípa rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ojú fóònù nìkan ló kù fún un. Olóògbé Gani Fawehinmi, agbẹjọ́rò ọmọ Òǹdó tó jẹ́ Mùsùlùmí, kò fi tirẹ̀ pamọ́. Ó sọ fún gbogbo ayé pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá òun jà, kó tó kú ní oṣù September ọdún 2009. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà mú kó kéré lójú wa.

Àìsàn yìí kì í sì í ṣe àjèjì láàárín wa. Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ilé ńlá UCH. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n sì ti ń kọ iye àwọn tí jẹjẹrẹ ń bá jà ní Ìbàdàn sílẹ̀, àkọsílẹ̀ náà sì wà lára èyí tó pẹ́ jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àjọ IARC, tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún gbogbo àgbáyé láti ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ṣírò pé ní ọdún 2022 nìkan, àwọn tí jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà lé ní 120,000.

Ìbéèrè ni oògùn àìmọ̀kan

Ìtàn kan wà nínú Sunan Abu Dawud tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Jábírù ló gbà á wá. Àwọn Sàhábà kan wà lórí ìrìn àjò, òkúta ṣe ọ̀kan nínú wọn léṣe lórí. Ó wá lá àlá tó sọ ìwẹ̀ di dandan fún un. Ó bi àwọn tí wọ́n jọ ń lọ bóyá òun lè ṣe tayamọ́mù. Wọ́n ní rárá, níwọ̀n ìgbà tí omi wà. Ó wẹ̀, omi wọ ojú ọgbẹ́, ó sì kú. Nígbà tí Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, gbọ́, inú bí i gidigidi. Ó ní àwọn ni wọ́n pa á, ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò béèrè nígbà tí wọn kò mọ̀, ó sì fi yé wọn pé ìbéèrè ni ìwòsàn àìmọ̀kan.

Ẹ wo ìtàn yìí dáadáa. Aláìsàn náà kò jẹ̀bi, ó ṣáà béèrè. Àwọn tó dá a lóhùn kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì rò pé ẹ̀sìn ni àwọn ń sọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, ẹni tí kò mọ̀ náà kò sì sọ pé òun kò mọ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí WhatsApp ẹbí nìyẹn gẹ́lẹ́.

Ibi tí fóònù ti wúlò

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ju fóònù nù. Bí wọ́n bá lò ó bó ṣe yẹ, oore ńlá ló ń ṣe. Ó lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ kọjá. Bí wọ́n bá ní jẹjẹrẹ màmá wà ní "ìpele kejì", ẹ lè kà á pé ìpele ń sọ bí jẹjẹrẹ ti tóbi tó àti ibi tó dé nínú ara, kò túmọ̀ sí pé ọdún méjì ló kù.

Ó lè múra aláìsàn sílẹ̀. Ẹni tó bá ti kà á tẹ́lẹ̀ pé irun lè já bí wọ́n bá ń fa oògùn kímò sí òun lára, àti pé irun náà máa ń hù padà lẹ́yìn ìtọ́jú, kò ní rò pé ikú ló dé lọ́jọ́ tí irun bá já. Ó lè gba ẹ̀mí là pẹ̀lú. Kímò máa ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà kù, nítorí náà bí ibà bá mú ẹni tó ń gbà á, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ibà tí a ń fi àgbo dúró dè. Ìdílé tó bá ti ka èyí yóò mọ ohun tí wọn yóò ṣe bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru.

Ó tún lè dín ìrìn àjò asán kù. Àwọn ibi tí ẹ̀rọ ìtọ́jú onítànṣán wà ní Nàìjíríà kò pọ̀. Ó wà ní UCH. Ó wà ní LUTH l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun ní ọdún 2019. Kí ẹ tó gbéra, ẹ wá nọ́ńbà ibi tí ẹ ń lọ, ẹ pè wọ́n, ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń gbà.

Ibi tó ti ń ṣini lọ́nà

Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ kan mú ọ̀rọ̀ 200 tí àwọn èèyàn ń pín kiri jù lórí Facebook àti irú rẹ̀ nípa jẹjẹrẹ ọmú, ti prostate, ti ìfun àti ti ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n fún àwọn dókítà tó mọ iṣẹ́ náà láti yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021: 65 nínú 200 ni irọ́ tàbí àṣìṣe wà nínú rẹ̀, 61 sì ni ohun tó lè ṣe aláìsàn léṣe wà nínú rẹ̀. Èyí tó yẹ kó bà wá lẹ́rù jù ni pé àwọn èèyàn ń pín èyí tó ní irọ́ nínú ju èyí tó jẹ́ òótọ́ lọ. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ kan bá dé ọ̀dọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹwàá láti ọwọ́ èèyàn mẹ́wàá, ìyẹn kò sọ ọ́ di òótọ́. Ó lè jẹ́ pé dídùn rẹ̀ ló jẹ́ kó máa rìn.

Ẹ̀rí ẹni tó ní òun ti yè náà kò tó. Ní ilẹ̀ Australia, obìnrin kan tó ń jẹ́ Belle Gibson sọ fún gbogbo ayé pé jẹjẹrẹ ọpọlọ mú òun, àti pé oúnjẹ ni òun fi wo ara òun sàn. Ó kọ ìwé oúnjẹ, ó ṣe áàpù fóònù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì tẹ̀ lé e. Ní 2015 ó jẹ́wọ́ pé jẹjẹrẹ kankan kò mú òun rí. Ní 2017 ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn 410,000 dọ́là ilẹ̀ Australia lé e. Ẹrín rẹ̀ dùn, ojú rẹ̀ ń dán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wọni lọ́kàn. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn oògùn tí wọ́n ń polówó náà ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń pè ní laetrile tàbí "fítámì B17", tí wọ́n ń mú jáde láti inú kóró èso, ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi tọ́jú aláìsàn 178, wọ́n sì kéde ní 1982 pé kò wo ẹnikẹ́ni sàn, pé májèlé sáyánáìdì inú rẹ̀ lè ṣe wọ́n léṣe. Ewé àti èso sọ́ọ̀sọ́ọ̀pù náà ń rìn lórí WhatsApp. Òótọ́ ni pé nínú ìgò àyẹ̀wò, àwọn èròjà rẹ̀ ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná náà ń pa á nínú ìgò. Ohun tí a ń wá ni èyí tó lè pa á nínú ara èèyàn láìpa èèyàn náà, kò sì tíì sí ẹ̀rí pé sọ́ọ̀sọ́ọ̀pù ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíì á ní, "Kí ló burú níbẹ̀? Bí kò ṣe rere, kò ní ṣe búburú." Búburú tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ àkókò. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 láti Yunifásítì Yale wo aláìsàn 281 tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì tàn ká, tí wọ́n kọ ìtọ́jú dókítà sílẹ̀ pátápátá tí wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi wọ́n wé irú wọn tó gba ìtọ́jú dókítà. Ewu ikú àwọn tó kọ ìtọ́jú jẹ́ ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ti àwọn yòókù. Ìgbà tí jẹjẹrẹ ṣì kéré ni ìgbà tó ṣeé wò. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ WhatsApp máa ń jí gbé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ

Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi gbà pé ọ̀bẹ ló ń mú jẹjẹrẹ tàn? Nítorí wọ́n ti rí i lójú ara wọn pé ẹnì kan lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, kò pẹ́ tó fi kú. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: ìgbà wo ló lọ? Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ló jẹ́ pé ìgbà tí ọmú bá ti jẹrà tán ni wọ́n ń dé ilé ìwòsàn. Jẹjẹrẹ ti tàn kí ọ̀bẹ tó kàn án. Gígé ẹran díẹ̀ níbi kókó láti fi ṣe àyẹ̀wò ni ọ̀nà tí dókítà fi ń mọ̀ dájú bóyá jẹjẹrẹ ni àti irú èyí tó jẹ́. Ewu pé ó máa mú un tàn kéré gan-an, ewu kí a má ṣe é sì pọ̀. Ọ̀pọ̀ kókó ọmú ni kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Ẹni tó sá fún àyẹ̀wò lè máa fi ọdún kan sunkún lórí ohun tí kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Nínú ẹ̀sìn wa, ọ̀bẹ oníṣègùn kì í ṣe àjèjì. Ó wà nínú Sahih Muslim pé Ànábì rán oníṣègùn sí Ubayy ọmọ Ka'b, ó gé iṣan kan lára rẹ̀, ó sì fi iná jó ojú ibẹ̀. Àwọn oníṣègùn Mùsùlùmí àtijọ́ náà mọ jẹjẹrẹ. Saratan ni wọ́n ń pè é ní Lárúbáwá, ìyẹn alákàn. Ibn Sina kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Al-Qanun pé èyí tó ṣì kéré lè ṣeé gé kúrò. Al-Zahrawi ti ìlú Cordoba, ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ tó kú ní nǹkan bí ọdún 1013, sọ pé èyí tó bá ti pẹ́ tó sì ti tóbi, òun kò wò ó sàn rí, òun kò sì rí ẹni tó wò ó sàn. Láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ká tètè lọ.

Habbatu saodá ńkọ́?

Hádíìsì tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ yẹn fi hàn wá kì í ṣe irọ́. Ó wà nínú Bukhari àti Muslim pé ìwòsàn gbogbo àìsàn wà nínú habbatu saodá àfi ikú. A gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kò kà á bí ẹni tó ń polówó òróró ṣe ń kà á. Ibn Hajar mú ọ̀rọ̀ al-Khattabi wá nínú Fathul Bari pé ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ní ẹnu, ṣùgbọ́n irú àìsàn kan ni a gbà lérò. Ànábì kan náà tó sọ̀rọ̀ habbatu saodá ló rán oníṣègùn ọlọ́bẹ sí Ubayy, òun ló sì ní kí àwa ẹrú Ọlọ́hun máa wá ìtọ́jú. Hádíìsì kan náà tún wà pé ẹni tó bá ń ṣe oníṣègùn láìmọ iṣẹ́ náà, òun ni yóò san gbèsè ohun tó bá bàjẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ lo habbatu saodá tàbí oyin pẹ̀lú ìtọ́jú rẹ̀, kó sọ fún dókítà rẹ̀, nítorí àwọn ewé àti òróró kan lè dá oògùn jẹjẹrẹ lọ́wọ́ kọ́ tàbí kí wọ́n mú un le jù fún ara. Kò sí ohun tó yẹ kí a tijú níbẹ̀. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni kí a fi í rọ́pò ìtọ́jú, kí a sì ní Ànábì ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀.

A ní láti jẹ́wọ́ nǹkan kan. Àwa náà ti fi irú ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a rí i pé hádíìsì wà nínú rẹ̀, a sì rò pé láàdá ni. A kò mọ ẹni tó kà á, a kò sì mọ ohun tó fi ṣe. Bí a bá rántí, oorun kì í dùn. Ó wà nínú hádíìsì pé irọ́ tó tó èèyàn ni kó máa sọ gbogbo ohun tó bá ṣáà ti gbọ́. Súrátul Hujuraat sì ti pàṣẹ pé bí ìròyìn bá dé láti ọwọ́ ẹni tí a kò lè fọkàn tán, ká wádìí, ká má baà ṣe èèyàn léṣe láìmọ̀.

Nọ́ńbà tó ń bani lẹ́rù

Alẹ́ tí dókítà bá dárúkọ jẹjẹrẹ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń ka iye àwọn tó ń kú. Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Ní July 1982, wọ́n sọ fún Stephen Jay Gould, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, pé irú jẹjẹrẹ kan tó ṣọ̀wọ́n wà nínú ikùn rẹ̀. Ó lọ sí ilé ìkàwé, ó sì rí i kà pé oṣù mẹ́jọ ni ìdajì irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ń lò. Ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò. Ó rí i pé ìdajì yòókù ń kọjá oṣù mẹ́jọ, àwọn kan sì ń kọjá rẹ̀ jìnnà. Ogún ọdún ló tún lò. Ọdún 2002 ló kú, jẹjẹrẹ mìíràn ló sì pa á.

Nọ́ńbà ń sọ nípa ọ̀pọ̀ èèyàn lápapọ̀, kò mọ orúkọ ìyá yín. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n sì kó jọ lára àwọn aláìsàn òkè òkun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, ọmọ Yorùbá tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Chicago, wà lára àwọn tó fi ìwádìí hàn pé irú jẹjẹrẹ ọmú tó pọ̀ lára obìnrin ilẹ̀ wa lè yàtọ̀ sí èyí tó pọ̀ lára obìnrin aláwọ̀ funfun. Nítorí náà, kí ẹ tó wá ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ gba orúkọ gan-an tí àyẹ̀wò fún jẹjẹrẹ náà. "Jẹjẹrẹ ọmú" nìkan kò tó. Àjálì sì wà lọ́wọ́ Ọlọ́hun, kò sí ojú ìwé kan tó mọ ọ́n.

Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́ ti ń bi ẹ̀rọ tó ń dáhùn bí èèyàn, bíi ChatGPT, léèrè. Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2023, nígbà tí wọ́n bi í nípa ìtọ́jú jẹjẹrẹ, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìdáhùn rẹ̀ ló ní ìmọ̀ràn tó lòdì sí ìlànà àwọn dókítà nínú, ó sì dà á pọ̀ mọ́ èyí tó tọ́. Ẹ lè ní kó túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe ní kó yan ìtọ́jú.

Ohun márùn-ún tí ẹ máa wò

Kí ẹ tó gba ohun tí ẹ kà nípa jẹjẹrẹ gbọ́, ẹ béèrè:

1. Ta ló kọ ọ́? Ṣé orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn?
2. Ìgbà wo ni wọ́n kọ ọ́? Ìtọ́jú jẹjẹrẹ ń yí padà.
3. Ṣé ó ń ta nǹkan? Bí nọ́ńbà tí a ó san owó sí bá wà nísàlẹ̀, ìpolówó ọjà ni. Èyí tí Google bá kọ "Sponsored" sí lórí, owó ni wọ́n san kó lè wà lókè.
4. Ṣé ó ní oògùn kan ń wo gbogbo jẹjẹrẹ? Irọ́ ni. Jẹjẹrẹ kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo.
5. Ṣé ó ní kí ẹ má lọ sọ́dọ̀ dókítà? Ẹ pa á rẹ́ níbẹ̀.

Àwọn ibi tó ṣeé fọkàn tán wà: cancer.gov ti ìjọba Amẹ́ríkà, cancer.org ti ẹgbẹ́ American Cancer Society, Cancer Research UK àti Macmillan ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ti àjọ ìlera àgbáyé, WHO. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ kó lè yé èèyàn lásán. Ọmọ tó ti jáde girama lè kà á fún màmá rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá kà á, ẹ kọ ìbéèrè sínú ìwé kékeré, kó má ju márùn-ún lọ, èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kó ṣáájú. Kí ni orúkọ jẹjẹrẹ yìí gan-an, ìpele wo ló wà? Ìtọ́jú wo ló wà, èwo lẹ rò pé ó dára jù, kí ló dé? Èló ni, ṣé ètò ìrànlọ́wọ́ kankan wà? Àmì wo la máa rí tí a máa sáré padà wá? Ẹ mú ẹnì kan dání tí yóò máa kọ ìdáhùn sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ òyìnbó bá pọ̀, ẹ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá." N'Ìbàdàn, èyí kò yẹ kó ṣòro. Bí ẹ bá sì rí ohun kan lórí fóònù tó ń dààmú yín, ẹ gbé fóònù náà dání, ẹ fi han dókítà.

Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún aláìsàn tó fẹ́ mọ̀. Àwọn ọmọ máa ń rò pé àánú ni. Ṣùgbọ́n aláìsàn náà ní gbèsè tó fẹ́ san, ó ní àsọtẹ́lẹ̀ tó fẹ́ kọ, ó ní ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ tó, kí ẹ sì rọra sọ ọ́.

A sọ díẹ̀ nínú èyí fún ọmọ náà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ yẹn. Ó bi wá pé, "Àfáà, bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ńkọ́?" A ní kó jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ ọ́. Lọ́jọ́ Monday ó gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì tàn jìnnà. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n sì ń gba kímò lọ́wọ́. Irun wọn ti já. Wọ́n ní ìborí àwọn tó fún gbogbo rẹ̀. A kò mọ bí yóò ṣe parí, Ọlọ́hun nìkan ló mọ̀. Ìbéèrè wọn ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kó dé.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn wa ní ìwòsàn tí kò ní fi àìsàn kankan sẹ́yìn, kó sì fún àwa tó di fóònù mú ní ìbẹ̀rù Rẹ̀ lórí ohun tí à ń kà fún wọn. Àmín.